Apá Wo Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ mi, díẹ̀ ló kù kí n bá a jà.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Ìkánjú ni mo fi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí mo ní eyín òkè mẹ́fà tí mo gbọ́dọ̀ parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ni mò ń ṣe: dókítà á yọ eyín, èmi á ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ráyè dúró pẹ́ nídìí ọjà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí. "Géèmù kan ni mo fẹ́ rà. Olùṣọ́ Odò ni wọ́n ń pè é."

Ọkùnrin tó wà nídìí káńtà gbójú sókè. Ó ga, ó tín-ín-rín, apá kan awò ojú rẹ̀ ti ṣẹ́, téèpù ló fi dè é. "Èwo nínú rẹ̀, mà?"

"Ṣé ó ju ẹyọ kan lọ ni?"

Ó fa àga, ó jókòó. Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kúkúrú kì í kọ́kọ́ jókòó.

"Apá méje ni, mà. Apá kìíní nìkan sì wà ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ti àtijọ́ wà, èyí tí wọ́n kàn tún kùn wà, èyí tí wọ́n sì tún ṣe látìbẹ̀rẹ̀ náà wà. Ta ló fẹ́ gbá a?"

"Bàbá mi."

Mo ṣàlàyé fún un. Bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún wa rélùwéè. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò sì gbọ́ràn mọ́. Obìnrin tó ń bá wọn na iṣan nílé ìwòsàn ló ní ká wá géèmù tí kò ní kánjú, tó ní ìtàn nínú, kí àwọn ìka lè máa ṣiṣẹ́ láìmọ̀ pé iṣẹ́ làwọn ń ṣe. Aládùúgbò wa ló dárúkọ Olùṣọ́ Odò. Ó ní wàá di ẹnì kan nínú ìtàn náà, ìwọ lo máa yan ohun tó máa sọ àti ọ̀nà tó máa gbà, kò sì sẹ́ni tó máa lé ọ.

"Ṣé ojú bàbá ṣì ríran dáadáa?"

"Ó ríran."

"Ṣé wọ́n ní sùúrù? Bí wọ́n bá ń kàwé, ṣé wọ́n máa ń ṣí ẹ̀yìn ìwé wò kí wọ́n tó dé ibẹ̀?"

"Ọ̀gá, ṣé bàbá mi lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, iṣẹ́ mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Méjì iwájú nísàlẹ̀ gun ara wọn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú ẹnu yẹn wá bá mi pé kí n tún un ṣe, màá lé e padà sílé. Inú mi rọ̀, mi ò sì mọ ìgbà tó rọ̀.

Obìnrin kan wọlé nígbà náà, ó mú àwo géèmù kan dání, ó ní òun ti gbá a tán, ṣé ọ̀gá lè gbà á kó bá òun tà á. Ọkùnrin náà mi orí.

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tí ẹlòmíràn bá ti ṣí, n kì í gbé e sórí igbá mi."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì gbé e lọ sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ẹ̀dà àtijọ́ ti apá kìíní ló padà dì fún mi. Ó ní nínú èyí tí wọ́n tún ṣe, wọ́n ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ kan kúrò, àti pé ìtàn tí a bá ti àárín bẹ̀rẹ̀, kò sí bó ṣe lè wọni lára. Bí mo ṣe jáde ni ẹni tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bi mí pé, "Ṣé apá kìíní ló tà fún yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ń tà fún gbogbo ayé nìyẹn. Apá-Kìíní là ń pè é ládùúgbò yìí."

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa bàbá mi, Bàbá Rélùwéè. Ní àwọn ọdún tí wọ́n fi ń wakọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé kan kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n á sì kọ àkókò sí i. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé páàdì yíǹkì wá fún wọn nílé ìwòsàn pé kí wọ́n tẹ̀ka síwèé, ńṣe ni wọ́n ká ọwọ́ òsì wọn kò.

"Èmi kì í ṣe ẹni tó ń tẹ̀ka. Ẹ gbé ìwé yín pa mọ́ títí ọwọ́ mi á fi yá."

Èmi ni mo buwọ́ lù ú fún wọn. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo ra géèmù yẹn ni Apá-Kìíní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wa. Ó ní òun wá wo bí bàbá ṣe ń ṣe sí i. Mo ní ṣé gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ń bẹ̀ wò ni. Ó ní rárá, àwọn tí ọmọ wọn bá lẹ́nu bíi tèmi nìkan ni.

Bó ṣe di pé gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Sunday ló ń wá nìyẹn. Á jókòó ti bàbá mi níwájú tẹlifíṣọ̀n, bàbá á sì máa fi ìka tí kò gbọ́ràn tẹ páàdì géèmù náà díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó ń dùn?"

"Ó ń dùn," ni bàbá máa ń wí, pẹ̀lú ojú ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì. Àìsàn ni mo kà á sí.

Láàárín oṣù mélòó kan, "ẹ" ti di "o" láàárín àwa méjèèjì, "mà" sì ti di "Eléyín". Ọjọ́ kan ló mú páàdì tuntun tí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi wá sí yàrá iṣẹ́ mi, pé kí n bá òun gbé e fún bàbá. Ó dúró, ó ń wo àwọn ẹnu tí mo fi píásítà mọ, tí mo tò sórí pẹpẹ, tí orúkọ oníkálukú wà lára tirẹ̀.

"Ṣé àwọn ẹnu yìí ò kì í dẹ́rù bà ọ́?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Wọn ò lè bú mi."

"Eléyín, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ọ̀bẹ gbígbóná wà lọ́wọ́ mi o." Òótọ́ ni, ìda ni mò ń fi gé.

"Mo rí i. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ náà ni."

Mo gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Ayọ̀ kún inú mi débi pé mo gbàgbé láti pa iná tí mo fi ń yọ́ ìda. Ìda náà jóná, yàrá kún fún èéfín, a sì jọ sáré ṣí fèrèsé. Ìta níbi tí a ti ń wúkọ́ ló ti bi mí bóyá màá fẹ́ òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ọ́.

*

Ìyá Apá-Kìíní jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ń fún mi ní máàkì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n bi mí nípa iṣẹ́ mi, mo dáhùn. Mo rò pé mo ti gba nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ agbẹ̀bí, ti ibi iṣẹ́ dé. Ó kí mi, ó dúró, ó tẹjú mọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fẹ́ awọnlẹ̀ kan ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn? Ọ̀rẹ́ mi ni àbúrò ọkọ yín. Mo jó níbi ìgbéyàwó yẹn títí bàtà mi fi já!"

Obìnrin náà kò ní ibi lọ́kàn, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rọra gbé gíláàsì omi tí wọ́n mú dání sílẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà. A ti pínyà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn."

"Ọmọ mi kò sọ ìyẹn fún mi."

"Ọmọ yín kò mọ̀, mà."

Wọn ò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: "Ẹni tó bá ti ilé ọkọ kan jáde, ọ̀nà ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀." Wọ́n wá dìde, wọ́n wọ yàrá wọn lọ.

Apá-Kìíní sìn mí dé ẹnu géètì. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Oṣù márùn-ún, Eléyín. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìwọ lo ní ohun tí ẹlòmíràn bá ti ṣí, o ò kì í gbé e sórí igbá."

"Ọ̀rọ̀ àwo géèmù nìyẹn!"

"Etí tí mo fi gbọ́ ọ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwo ni." Omi ti ń dà lójú mi. "Ìwọ tí o ò lè jẹ́ kí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì, ṣé ìwọ lo máa wá fẹ́ èmi tí mo ti dé apá kẹrin?"

"Ó yẹ kí o jẹ́ kí n yàn fúnra mi."

Òótọ́ ni. Mo bá tèmi lọ.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wá. Mo ṣe eyín títí ẹ̀yìn mi fi ń ro mí. Oníbàárà kan ní kí n fẹ̀ sí i níbi tó ti ń há, mo fẹ̀ ẹ́ jù, eyín já bọ́ bó ṣe ń kí mi pé ẹ ṣeun. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, mo sì ti fi ẹ̀rù ba ohun tí mo fẹ́ràn jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, mo ti ìta dé, mo sì bá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀.

"Èmi ni mo ní kí aládùúgbò wa pè ọ́ wá. Mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Géèmù tí o tà fún mi yẹn, mi ò gbá a dé ìdajì."

"Bàbá! Ṣebí ẹ ní ó ń dùn?"

"Kí ni kí n sọ? O máa ń jókòó tì mí, ojú rẹ á máa dán. Ọmọ mi sì máa ń fọ abọ́ tó ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí kó lè máa gbọ́ ohùn rẹ. Ṣé èmi ni kí n wá bà á jẹ́? Lẹ́tà inú ẹ̀dà àtijọ́ yẹn kéré bíi kòkòrò. Mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀."

Ọgbọ́n orí Apá-Kìíní ti kọsẹ̀ lára lẹ́tà kéékèèké.

"Apá kẹrin ni mò ń gbá," ni bàbá mi wí. "Àwo tìrẹ tí o gbàgbé síbí ni. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Wá wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá, mo ti gbá a tán nígbà mẹ́rin."

"Mo ní wá wò ó."

Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí odò, mo rí ìyá arúgbó kan nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó béèrè pé, *Ṣé o ti gba odò yìí kọjá rí?* Ìdáhùn méjì ló jáde nísàlẹ̀. *Mo ti gbà á kọjá* ni ọ̀kan. Ìkejì ni: *Àlejò ni mí. Sọ fún mi.*

"Kí ni èyí?" ni Apá-Kìíní wí. "N kò rí i rí."

"O ò lè rí i. Ṣebí ìwọ máa ń kó àkọsílẹ̀ ibi tí o gbá a dé láti apá kẹta wá sínú èyí? Arúgbó yìí ti mọ̀ ọ́. Káàbọ̀ ló máa sọ fún ọ, á sì wa ọkọ̀ lọ. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò nìkan ló ń bi í."

Ìka ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi rìn lórí páàdì. Kò wárìrì púpọ̀. Ó tẹ ìdáhùn kejì.

Ìyá arúgbó náà jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Ó sọ ti ogun apá kìíní, ti afárá tó wó, ti ọmọ tó sọnù ní apá kejì tí wọn kò rí mọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ́, ó sì ń dúró láàárín ọ̀rọ̀ níbi tó bá dùn ún. Ọkùnrin tó mọ géèmù yìí ju ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí arúgbó náà parí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú.

"Èmi ti ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí fúnra mi," ló wí. "Kò dùn mí tó báyìí."

"Ọmọ mi," ni bàbá mi wí, "abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọmọ mi obìnrin jẹ̀bi, kò sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, o bi mí nípa ojú mi, o bi mí nípa sùúrù mi, o bi mí bí mo ṣe ń kàwé. Kí lo bi òun?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn méjèèjì yíjú wò mí. Apá-Kìíní dìde, ó wá dúró níwájú mi.

"Olólùfẹ́ mi, àlejò ni mí," ló wí. "Sọ fún mi."

Mo sọ fún un. Mo ní, "Dárí jì mí ná, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́." Lẹ́yìn náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá mi sì fi ọ̀wọ̀ yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

*

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá Apá-Kìíní wọ yàrá iṣẹ́ mi, pẹ̀lú báàgì lápá. Wọn ò jókòó.

"Ọmọ mi ní kí n má ṣe dájọ́ kí n tó béèrè. Mo wá béèrè."

Mo sọ fún àwọn náà. Ọkọ mi àtijọ́ kò lù mí rí. Iṣẹ́ mi ni kò fẹ́. Ó ní òórùn ìda ń rùn lára mi, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Mo fara dà á fún ọdún márùn-ún. Lọ́jọ́ kan tí mi ò sí nílé, ó kó gbogbo ẹnu píásítà tí mo tò sí yàrá dà nù. Ogójì èèyàn ló ń retí eyín.

"Ogójì," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọjọ́ yẹn ni mo dẹrù."

"Àwọn ogójì yẹn ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó bi mí nípa àwọn yẹn rí. "Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún gba bátànì ẹnu wọn. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin."

"Ṣé o parí gbogbo rẹ̀?"

"Mo parí gbogbo rẹ̀."

Wọ́n wo àwọn ẹnu tó wà lórí pẹpẹ, wọ́n ka orúkọ bíi mẹ́ta. "Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹsẹ̀ rẹ nílé mi," ni wọ́n wí. "Mo kó o jẹ." Wọ́n gbé báàgì wọn sórí tábìlì mi, wọ́n sì jókòó.

*

Àwa mẹ́fà péré la lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀: àwa méjèèjì, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun, bàbá mi, àti ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Akọ̀wé ka ìwé sókè ketekete. "Ọkọ: kò gbéyàwó rí. Ìyàwó: ó ti ṣe ìgbéyàwó rí, wọ́n sì ti tú u ká." Ó dúró díẹ̀, ó wò wá.

"A ti gbọ́ ìyẹn," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ẹ máa kà á lọ."

Nígbà tó kan àwọn ẹlẹ́rìí, akọ̀wé rí bí bàbá mi ṣe gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí itan, ó sì rọra ti páàdì yíǹkì sọ́dọ̀ wọn. "Bàbá, ẹ lè tẹ̀ka, kò sí wàhálà."

Bàbá mi ti páàdì náà padà.

"Fún mi ní bírò."

Ìka wọn ká mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ìwé nìkan ló bá wọn dì mú kó má baà yọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gba àkókò. Ìkejì wọ́, ó sì dúró. Àwọn tọkọtaya tó ń retí lẹ́yìn wa tún jókòó. Bàbá mi kọ orúkọ wọn tán.

Wọ́n wo aago ara ògiri, wọ́n sì tún tẹrí mọ́ ìwé.

"Bàbá, ó ti tó," ni akọ̀wé wí. "A ò nílò àkókò níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ: aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í gbéra kí n má kọ ọ́."